Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹni Tó Ń Dá Èdè Màásì Sílẹ̀ ní Ìgbàjà

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ìtàn rẹ nípa àwọn ará pílánẹ́ẹ̀tì Màásì tẹ̀ mí lọ́wọ́, pẹ̀lú àkójọ ọ̀rọ̀ èdè wọn tí o so mọ́ ọn lẹ́yìn. Mo kà á, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ìwọ ọmọ Ìgbómìnà pọ́ńbélé, o gbéra ní Ìgbàjà, ó di Màásì, Gẹ̀ẹ́sì lo tún lọ bá níbẹ̀!

Wo gbólóhùn rẹ: “Zi kor vranti tu da zolm.” O ní “Mo ń lọ sílé” ni. Mo tú u palẹ̀: zi ni I, kor ni am, vranti ni going, tu ni to, da ni the, zolm ni house. Jọ̀ọ́, ta ló kọ́ ará Màásì ní the? Gẹ̀ẹ́sì lo gbé ẹ̀kú wọ̀. Ní ilẹ̀ eégún Ẹlẹ́wẹ̀ tí a bí ọ sí, eégún tí ojú rẹ̀ hàn kì í lé ọmọdé.

Ọmọdé tó ń fọ ẹnà gan-an jù ọ́ lọ. “Ó ti dé” á di “Ógó tigi dégé”: g á tẹ̀lé sílébù kọ̀ọ̀kan, fáwẹ̀lì àti ohùn rẹ̀ á sì tún wá. Òfin kan ṣoṣo, àgbà tí kò mọ̀ ọ́n á kàn máa wò ni. Òfin tìrẹ dà?

Má sì sọ fún mi pé iṣẹ́ òyìnbó ni èdè dídá. Ní ilẹ̀ Ìbíbíò, ní nǹkan bí ọdún 1930, ìjọ Oberi Okaime gbé èdè Medefaidrin jáde. Wọ́n ní Ẹ̀mí Mímọ́ ló fi hàn wọ́n. Ó ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ó ní lẹ́tà ńlá àti kékeré, ó ní àmì oǹkà tó ń ka nǹkan ní ogún-ogún. Ní 1936, wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń fi èdè náà kọ́ àwọn ọmọ. Ìjọba amúnisìn ló tì í. Láti 2018, lẹ́tà rẹ̀ ti wà nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀.

Àwọn ti sinimá ńkọ́? Marc Okrand ló ṣe Klingon fún Star Trek. Ìwé atúmọ̀ rẹ̀ jáde ní 1985. Nínú èdè yẹn, ohun tí a ṣe ló ń ṣíwájú, ẹni tó ṣe é ló ń kẹ́yìn: “Iṣu jẹ Òjó”, Òjó ló sì jẹ iṣu o! Paul Frommer ṣe Na'vi fún Avatar ti 2009. Ìka mẹ́rin-mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ àwọn ẹ̀dá tó ń sọ ọ́, mẹ́jọ-mẹ́jọ ni wọ́n sì ń kà. Ṣùgbọ́n kí Okrand tó dé ibẹ̀, gírámà Mutsun, èdè àwọn onílẹ̀ kan ní California, ló fi gba oyè ọ̀mọ̀wé. Èdè Páṣíà ni Frommer fi gba tirẹ̀.

Ìwọ tí èdè Yorùbá wà lẹ́nu rẹ, kí lo mú níbẹ̀? Màásì rẹ ń ka ení, èjì bíi Lọ́ńdọ̀n. Gbé márùndínláàádọ́ta fún wọn: ọgọ́ta dín mẹ́wàá, ká tún yọ márùn-ún kúrò. Ojú wọn á là! Ọmọ Màásì sì ń pe bàbá rẹ̀ ní zu, ìyẹn “ìwọ”, ó ń pe ajá rẹ̀ ní zu. Kò sí “ẹ” níbẹ̀, wọn kì í sì í kí ara wọn láàárọ̀. Àbíkọ́ kankan ò sí níbẹ̀ ni?

Ṣé dandan ni Màásì pàápàá? Èsìẹ́ ò jìnnà sí ọ. Ère òkúta tó lé ní 1,000 wà níbẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin, òmíràn mú idà dání. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n kọ́ fún wọn ní 1945 ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ìtàn sọ pé àlejò ni wọ́n kí wọ́n tó di òkúta. Fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n mú ìwé àti bírò tọ ìyá wa àgbà lọ ná. Kọ bí wọ́n ṣe ń sọ Ìgbómìnà sílẹ̀: bí wọ́n ṣe ń kí ni, bí wọ́n ṣe ń kọ̀, bí wọ́n ṣe ń bú ẹni tó pẹ́ lóko. Ẹni tó mọ bí èdè kan ṣe dúró ló lè dá òmíràn dúró. Tí o bá ṣe ìyẹn tán, fi ìtàn náà ránṣẹ́ padà. Mo ṣì ń fẹ́ kà á.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò ní yéé yọ ọ́ lẹ́nu.