Olóyè Ẹ-Lẹ-Pupa-Mọ́-Ọn

Bí ẹ bá ti lọ síbi ìṣíde àfihàn iṣẹ́ ọnà ní ilé àṣà èyíkéyìí nílẹ̀ wa, ì báà jẹ́ Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn, ì báà jẹ́ Kútọ̀ l'Ábẹ́òkúta, ẹ ti pàdé Olóyè. Ẹ lè má mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ àga rẹ̀. Òun ni wọ́n fi aṣọ funfun bò níwájú, tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jókòó lé, bí àwọn àgbà ayàwòrán tiẹ̀ ń nàró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ìwé ìpè sọ pé aago mẹ́rin. Aago mẹ́rin lu, aago márùn-ún lu, puff-puff ti tutù, ṣóbò ti gbóná. Àwọn àwòrán ti wà lára ògiri láti òwúrọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ wọlé wò wọ́n, nítorí ríbọ́ọ̀nù pupa kan dínà ilẹ̀kùn, ọwọ́ Olóyè nìkan ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti gé e.

Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀, fèrè mọ́tò dún. Ọlọ́run ló mọ ibi tí àwọn onílù ti yọ. Olóyè sọ̀ kalẹ̀ nínú agbádá sányán, okùn iyùn méjì lọ́rùn, fìlà abetí ajá lórí. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn ń tẹ̀ lé e: ọ̀kan ń gbé fóònù, ọ̀kan ń gbé abẹ̀bẹ̀, iṣẹ́ ẹnì kẹta ò yé ẹnikẹ́ni. Olóòtú ètò gba gbohùngbohùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka oyè. Ó ka ti ìlú bàbá, ó ka ti ìlú ìyá, ó ka ti ìjọ, ó ka ti ẹgbẹ́. Ó dárúkọ ẹni tó ya àwòrán náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì ṣì í pè.

Ọ̀rọ̀ àkọ́sọ Olóyè kì í yàtọ̀. Òṣogbo ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Á ní lọ́dún 1962, nígbà tí Dúró Ládípọ̀ àti Ulli Beier dá ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀, ojú òun ló ṣe. Á gbọn ọwọ́ agbádá sẹ́yìn: "Èmi àti Twins Seven Seven, abọ́ kan náà la ti ń jẹun." Gbogbo ilé á pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó máa ń rántí pé nínú gbọ̀ngàn yìí kan náà la ti jẹ ìrẹsì ọgọ́ta ọdún rẹ̀ lọ́dún tó kọjá.

Bó bá sì jẹ́ pé ó mọ ìtàn Mbárí Mbáyọ̀ yẹn dénú ni, ẹnu rẹ̀ ì bá rọlẹ̀. Jimoh Buraimoh, iná orí ìtàgé ló ń tọ́jú nínú ẹgbẹ́ òṣèré Dúró Ládípọ̀. Twins Seven Seven, kó tó di ayàwòrán, ijó ló ń jó fún olóògùn tó ń kiri ọjà. Nígbà tí ayàwòrán Georgina Beier kó irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ jọ lọ́dún 1964, ó fún wọn ní ọ̀dà, ó sì jókòó ti kálukú, ó ń wo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ yà. Wíwò ló gbé àwọn ọmọ Òṣogbo jáde tí ayé fi gbọ́ orúkọ wọn. Olóyè sì rèé, gbogbo nǹkan ló mọ̀ ọ́n ṣe níbi àfihàn, àfi kó wòran.

Ẹ tẹ̀ lé e wọlé, kẹ́ ẹ wá rí i. Bó ti ń rìn síwájú ni ayafọ́tò ń fẹ̀yìn rìn níwájú rẹ̀. Níbi àwòrán kọ̀ọ̀kan, Olóyè á dúró, á yíjú sí kámẹ́rà, á kọ ẹ̀yìn sí ògiri, á rẹ́rìn-ín músẹ́. Bó bá jẹ́ pé àwòrán lè jẹ́rìí ní kóòtù, ìpàkọ́ Olóyè nìkan ni wọ́n lè ṣàpèjúwe. Wọ́n dé ibi iṣẹ́ kan tí wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ wẹẹrẹ tò sórí pákó. "Ẹ wò ó," ni Olóyè ń wí, "ẹ̀yà iṣẹ́ Twins nìyí!" Ta ló fẹ́ sọ fún un pé Buraimoh ni aláwòrán ìlẹ̀kẹ̀? Gbogbo wa mi orí.

Lẹ́yìn náà ló pe ọmọ tó ni àwòrán. Ó tọ́ka sí obìnrin kan tó wé gèlè.

"Kí lèyí túmọ̀ sí?"

"Ìyá mi ni, sà. Ọjọ́ tí wọ́n ti ọjà Ajé dé ni mo…"

Fóònù dún. Olóyè bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ nípa kànga gbígbẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tó padà dé, ó ti gbàgbé ìyá.

"Èló ni?"

"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta-lé-nírinwó náírà ni, sà."

Ó wo ọmọ náà láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. "Ìwọ tó o ṣì ń mí? Irú owó bẹ́ẹ̀, àwọn tó ti kú là ń san án fún." Ó wá sọ ìtàn Tútù fún un, àwòrán ọmọ ọba Ifẹ̀ tí Ben Enwonwu yà, tí wọ́n tà ní Lọ́ńdọ̀nù ju mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn lọ. "Enwonwu kú lọ́dún 1994. Ọdún 2018 ni wọ́n tà á. Ṣé o rí i pé sùúrù lérè?"

Ìgbà yìí ló wá ṣe ohun tó fún un lórúkọ. Ẹ mọ̀ pé ní irú ibi báyìí, tí ẹnì kan bá ti ra àwòrán, wọ́n á lẹ bébà pupa róbótó kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀, kí ẹlòmíràn má bàa nawọ́ sí i. Olóyè na ọ̀pá ìtẹ̀lẹ̀ rẹ̀ sí Ìyá Onígèlè. "Ẹ lẹ pupa mọ́ ọn." Àtẹ́wọ́ ta. Ó na ọ̀pá sí èkejì. "Ẹ lẹ pupa mọ́ ọn." Onílù ń kì í. Kó tó di pé ilẹ̀ ṣú tán, Olóyè ti ra àwòrán mẹ́fà, kò sì tíì wo ẹyọ kan.

Lọ́jọ́rú, nígbà tí gbọ̀ngàn ti dá, tíṣà obìnrin kan yà wọlé nígbà tó ń bọ̀ láti ilé ìwé. Ó dúró níwájú Ìyá Onígèlè títí tí ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ fi wá béèrè bóyá kò sí nǹkan. Tíṣà ní, "Ẹ dákun, ṣé wọ́n lè jẹ́ kí n san án lẹ́ẹ̀mẹta?" Wọ́n fi bébà pupa hàn án. Ó tọrọ àforíjì, ó bá tirẹ̀ lọ.

Àfihàn parí. Wọ́n pe Olóyè, Olóyè wà l'Abújà. Wọ́n tún pè é, Olóyè ti kọjá sí Dùbáì. Nígbà tó gbé fóònù níkẹyìn, ohùn rẹ̀ dùn mọ̀ràn-ìn: "Ẹ bá mi tọ́jú wọn. Ilé tuntun ni mò ń kọ́, ògiri rẹ̀ ò tíì gbẹ." Ayàwòrán tó ra kánfáàsì àti ọ̀dà òkè òkun lówó tó ń bá dọ́là gòkè, ó háyà mọ́tò, ó kó àwòrán rẹ̀ padà sílé. Káfíńtà tó bá a kan férémù láwìn wá kí i. Ó rí bébà pupa mẹ́fà, inú rẹ̀ dùn. "Ṣebí o ti tà wọ́n! Owó mi dà?"

Ẹ má rò pé ọ̀gá ilé àṣà ò mọ gbogbo èyí. Ó mọ̀ ọ́n ju tèmi tẹ̀yin lọ. Ṣùgbọ́n Olóyè ló bu dísù sí jẹnẹrétọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, òun sì ni kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n tẹ̀ lé wá. Ìjọba ń san owó oṣù òṣìṣẹ́, kò san owó iná. "Bí a ò bá pè é, ta ni yóò wá?" ni ọ̀gá máa ń béèrè. Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Àwa tí a wà níbẹ̀ ńkọ́? Sámósà la dúró tì. Ta nínú wa ló béèrè iye ohunkóhun, ká má tíì sọ pé ó fẹ́ san án díẹ̀díẹ̀ bíi ti tíṣà? Àtẹ́wọ́ wa ni owó tí Olóyè ń ná. Bí a bá ká a kò, àpò rẹ̀ á gbẹ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Dípò bẹ́ẹ̀, a fi kún un. Lọ́dún yìí, ilé àṣà ní àwọn fẹ́ dá Olóyè lọ́lá gẹ́gẹ́ bí Baba Ìsàlẹ̀ Iṣẹ́ Ọnà, wọ́n sì ní kí ọmọ tó ya Ìyá Onígèlè wá ya Olóyè gan-an, kó fi dá a lọ́rẹ. Ọmọ náà yà á, nítorí kò sí bó ṣe máa kọ̀ ọ́ fún ilé tó ń ṣàfihàn rẹ̀. Lálẹ́ ayẹyẹ, wọ́n ṣí aṣọ lójú àwòrán. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tí Olóyè kọjú sí ògiri. Ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó sún mọ́ ọn, ó sún sẹ́yìn, kò tilẹ̀ gbọ́ nígbà tí fóònù ń dún. Kò béèrè iye, kò sì ní kí wọ́n lẹ pupa mọ́ ọn. Ó ní kí dírẹ́bà ṣí búùtù mọ́tò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí wọ́n ti ń gbé e sínú búùtù, ó fọwọ́ pe ayàwòrán sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọmọ, o gbìyànjú. Ṣùgbọ́n imú yẹn tóbi díẹ̀. Wá sílé lọ́jọ́ Sátidé, kó o wá bá mi dín in kù. Má gbàgbé kó o mú ọ̀dà tìẹ dání o."