Ẹ Má Fo Ilé Ìrágbèje

Ẹ̀yin ọmọ Ifangni ní Benin, ẹ gbé fóònù yín sílẹ̀ ná. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi náà ò ní wà ní Ìgólò kí ọrùn gìrìpá wọ́ sórí fóònù.

Ẹ ní ìtàn inú ìwé kò ṣeé fi ṣe géèmù. Ta ló purọ́ yẹn fún yín? Fágúnwà òǹkọ̀wé ti ṣe é tán láti 1938, iná mànàmáná ló kù. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, Àkàrà-oògùn wọgbó, Agbákò olójú mẹ́rìndínlógún dènà dè é, ìjà bẹ́. Nígbà tí ọba rán an lọ sí Òkè Lángbòdó, kò dá lọ: Kàkò gbé kùmọ̀, Elégbèdè-ọdẹ gbọ́ èdè ẹranko, Olóhùn-iyọ̀ ní orin, Ìmọ̀dóyè ní òye. Kí lẹ tún ń wá?

Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ yín nílé-ìwé. Ẹ gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ bí mo bá ṣí ìwé yẹn síwájú yín, ẹ ó máa wo àmì orí rẹ̀ bí ẹni wo eṣinṣin. Géèmù tó ń fọhùn á bá yín kà á. Nítorí náà, mo fọwọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ṣì kù. Ní Lángbòdó, Ìrágbèje onílé olójúlé méje fi ọjọ́ méje gbáko gba àwọn ọdẹ wọ̀nyí nímọ̀ràn. Àgbà gidi nìyẹn! Mo mọ̀ yín, bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń fo ọ̀rọ̀ lẹ ó máa wá. Kí ẹni tó bá ṣe géèmù náà yọ ọ́ kúrò. Ẹni tó bá tòògbé, kó padà lọ bá Agbákò jà.

Ó ku ti owó. Andrzej Sapkowski, ará Pólàndì tó kọ ìtàn The Witcher, kọ ìpín nínú èrè géèmù. Ó ní kí CD Projekt, iléeṣẹ́ tó fẹ́ fi ìtàn náà ṣe géèmù, kó owó òun fún òun lẹ́ẹ̀kan náà. Kò gbà pé géèmù lè mówó wọlé. (Àgbà náà máa ń ṣì í, ẹ má sọ pé èmi ni mo wí.) Géèmù jáde ní 2007, ó gbòde kan. Ní 2018, bàbá ẹni àádọ́rin ọdún ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 60 owó Pólàndì fún òun. Ìparí 2019 ni wọ́n tó ṣàdéhùn tuntun.

Tiwa náà ńkọ́? 1963 ni Fágúnwà kú. Òfin Nàìjíríà dáàbò bo ìwé rẹ̀ títí 2033 yóò fi parí. Kẹ́ ẹ tó ya ojú Agbákò kan ṣoṣo, ẹ ṣẹ́ sẹ́fà yín sí náírà, ẹ gba Ìdí-Ìrókò kọjá, kẹ́ ẹ lọ bá àwọn tó ni ìwé.