Olófòófó Etí Pápá

Gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà lẹ ti máa rí i, ní Tennessee, ní Alabama tàbí ní Mississippi, níbi tí bọ́ọ̀lù yunifásítì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìsìn. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti gbàwé jáde, síbẹ̀ fìlà ilé ìwé rẹ̀ ló ń dé lọ síbi iṣẹ́, lọ sọ́jà, lọ síbi òkú. Kò gbá bọ́ọ̀lù fún ilé ìwé náà rí. Kì í ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá, kì í ṣe lọ́yà, ẹnikẹ́ni kò sì gbà á síṣẹ́. Iṣẹ́ tó gba ara rẹ̀ sí ni pé kó máa ṣọ́ yunifásítì tí wọ́n jọ ń du ife-ẹ̀yẹ tọ̀sán-tòru, kó sì máa fẹjọ́ wọn sun NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì láti Indianapolis. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Alàgbà.

Bọ́ọ̀lù tí à ń wí yìí kì í ṣe èyí tí à ń fẹsẹ̀ gbá nílé o. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá, wọ́n á sì máa gbé ara wọn ṣánlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gbá a, síbẹ̀ pápá Neyland tí Tennessee ń lò gba èrò tó lé ní 100,000. Láti ilé ìwé girama ni àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ti ń wá ọmọ tó sígbọnlẹ̀, tó tún lè sáré. Wọ́n á lọ bá ìyá rẹ̀ nílé, wọ́n á jẹ ohun tó bá gbé kalẹ̀, wọ́n á sì yin ọbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí òfin ní kí ọmọ náà gbà kò ju ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ibùgbé àti oúnjẹ lọ. Oúnjẹ ọ̀hún pàápàá ní gbèdéke: nígbà kan, ilé ìwé lè fún agbábọ́ọ̀lù ní búrẹ́dì bagel gẹ́gẹ́ bí ìpápánu, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi wàràkàṣì ra á, ó ti di oúnjẹ gidi nìyẹn, ọ̀ràn sì dé. Níbi tí òfin bá pọ̀ tó báyìí, ìgbà wo ni Alàgbà fẹ́ sùn?

Ẹ wo inú fóònù rẹ̀. Fọ́tò àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò tó nǹkan. Mọ́tò ọmọ ọlọ́mọ ló kún ibẹ̀, tòun ti nọ́ńbà wọn. Ó mọ iye yàrá tó wà nínú ilé tuntun tí ìyá agbábọ́ọ̀lù kan kó lọ. Ó ti bá obìnrin náà ṣírò owó oṣù rẹ̀, ó ní kò lè ká owó ilé yẹn láéláé. Ọjọ́rú àkọ́kọ́ nínú oṣù kejì, ọjọ́ tí àwọn ọmọ ti máa ń buwọ́ lùwé láti ìgbà pípẹ́, ni ọdún egúngún rẹ̀. Bí ọmọ kan bá dé fìlà ilé ìwé Alàgbà, á ní, “Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni, ìyá rẹ̀ tọ́ ọ.” Bí ọmọ kan náà bá yí ohùn padà nírọ̀lẹ́, tó dé fìlà ti òdìkejì, ìbéèrè kan péré ló kù: “Èló ni wọ́n fún un?” Kò sọ sí i lọ́kàn rí pé ọmọ náà lè fẹ́ràn akọ́nimọ̀ọ́gbá ibẹ̀, tàbí kó kàn fẹ́ wà nítòsí ilé.

“Èmi ò bínú sẹ́nikẹ́ni o,” ni Alàgbà máa ń wí. “Òfin ni mò ń gbèjà.” Òfin tó ń gbèjà ọ̀hún, ọ̀dọ̀ àwọn ará ìlú kejì nìkan ni wọ́n ti máa ń rú u.

Àwọn ọ̀gá wà tí Alàgbà ń kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ wọn. Ní oṣù kejì 2009, Lane Kiffin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di akọ́nimọ̀ọ́gbá Tennessee, dìde níwájú àwọn alátìlẹyìn, ó ní Urban Meyer ti Florida rú òfin nítorí pé ó fóònù ọmọ kan nígbà tí ọmọ náà wá ṣe àbẹ̀wò sí Tennessee. Èrò pàtẹ́wọ́. Wọ́n ṣíwèé òfin, kò sí ibi tó ti ka irú ìpè bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Èyí tí òfin SEC, líìgì tí ilé ìwé méjèèjì wà, kà léèwọ̀ ni kí akọ́nimọ̀ọ́gbá máa fẹ̀sùn kan ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní gbangba. Kiffin ló gba ìbáwí, òun náà ló sì tọrọ àforíjì.

Ti Phillip Fulmer tó ṣáájú rẹ̀ ní Tennessee jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2000, ó bá NCAA sọ̀rọ̀ ní bòókẹ́lẹ́ nípa Alabama: olówó kan ní Memphis tó ń ti Alabama lẹ́yìn ń sanwó fún akọ́nimọ̀ọ́gbá ilé ìwé girama, kó lè darí ọmọ kan síbẹ̀. Òótọ́ lọ̀rọ̀ yìí, kí n má tan yín. Ní 2005 ilé ẹjọ́ dá olówó náà lẹ́bi, 150,000 dọ́là sì ni wọ́n ní ó ti san fún akọ́nimọ̀ọ́gbá náà. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní 2002, NCAA ti fi Alabama sábẹ́ ìṣọ́ fún ọdún 5, ó gba ààyè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 21 lọ́wọ́ wọn, ó sì yọ wọ́n kúrò nínú ìdíje ìparí sáà fún ọdún 2. Àwọn lọ́yà Alabama wá ń fi ìwé ìpẹ̀jọ́ dúró de Fulmer. Nígbà tí ìpàdé oníròyìn SEC dé ní Alabama ní 2004, kò yọjú. Orí fóònù ló ti dáhùn, líìgì sì bu owó ìtanràn 10,000 dọ́là lé e. Àgbà ní òfófó ò gbẹgbàá, ibi ọpẹ́ ní ń mọ. Ti Fulmer kò tilẹ̀ mọ síbi ọpẹ́, ó tún sanwó lé e.

Kò tíì tán o. Fulmer padà di ọ̀gá àgbà eré ìdárayá ní Tennessee ní 2017, ó sì gba Jeremy Pruitt síṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá. Alabama ni Pruitt ti gbá bọ́ọ̀lù, ibẹ̀ náà ló ti kúrò wá. Ní oṣù kìíní 2021, Tennessee lé Pruitt dànù. Lọ́jọ́ kan náà ni Fulmer kéde pé òun fẹ́ fẹ̀yìn tì. Nígbà tí NCAA dájọ́ ní 2023, ìrúfin tó lé ní 200 ni wọ́n kà kalẹ̀ lábẹ́ Pruitt. Púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ owó òtẹ́ẹ̀lì, oúnjẹ àti owó ọwọ́ fún àwọn ọmọ àti òbí wọn, àwọn kan tilẹ̀ wáyé lásìkò tí Kòrónà ti fòfin de àbẹ̀wò. Owó ìtanràn tó lé ní mílíọ̀nù 8 dọ́là ni Tennessee san. Ẹ bi Alàgbà ti Tennessee léèrè èyí, á ní àwọn ará Alabama ló rán Pruitt wá.

Ta ló wá ń jẹ ìyà tí Alàgbà ń wá kiri? Ní 1987, NCAA fagi lé gbogbo eré bọ́ọ̀lù yunifásítì SMU ní Texas fún sáà kan nítorí owó tí wọ́n ń pín fún agbábọ́ọ̀lù. Ilé ìwé náà kò lè kó ẹgbẹ́ jọ fún ti 1988. Ó di 2009 kí wọ́n tó tún rí ìdíje ìparí sáà gbá, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó gbá a kò sì tíì dáyé nígbà tí wọ́n pín owó yẹn. Àwọn tó pín in ti jẹ tiwọn tán.

Láti oṣù keje 2021, agbábọ́ọ̀lù lè fi orúkọ ara rẹ̀ pawó, láti 2025 sì ni yunifásítì ti lè pín owó fún àwọn eléré rẹ̀, tó tó mílíọ̀nù 20.5 dọ́là ní ọdún àkọ́kọ́. Mo rò pé ọjà Alàgbà ti kùtà nìyẹn, àfi bó ṣe tún rí òmíràn tà: wọ́n ń fa ojú ọmọ wa mọ́ra! Olusegun Oluwatimi, ọmọ Yorùbá, kúrò ní Virginia lọ sí Michigan, ó sì gba ẹ̀bùn Outland níbẹ̀ ní 2022. Lójú ẹni tó gbọ́n, ọmọ wá ibi tó dáa lọ. Lójú Alàgbà, olè kan ti wọ ilé.

Kò ní jáwọ́. Ẹ̀yin òbí Yorùbá tó wà ní Amẹ́ríkà, tí ọmọ yín sígbọnlẹ̀, tó ń gbá bọ́ọ̀lù yìí, ẹ tọ́jú rìsíìtì mọ́tò yín dáadáa.