Bí O Ṣe Lè Fi Ìkánjú Ba Commodore 64 Jẹ́: Ìtọ́sọ́nà fún Òmùgọ̀

Ọdún 1982 ni kọ̀ǹpútà Commodore 64 (C64) dé ọjà, ọdún kan náà tí wọ́n dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní Ago-Ìwòyè. Bí tòkunbọ̀ rẹ̀ kan bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́, tí o sì fẹ́ fi wáyà so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù rẹ kí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wọn, tẹ̀ lé ìmọ̀ràn yìí. Wàá pàdánù gbogbo rẹ̀.

Àkọ́kọ́, ki wáyà RS-232 bọ ihò ẹ̀yìn rẹ̀ ní tààrà. Má ra adápítọ̀ tó ń bá iná méjèèjì làjà. Fólítì 5 ni ihò yẹn mọ̀. RS-232 lè gbé 12 wá. Bí síìpù 6526 tó ń darí ihò náà bá jóná, lọ bá Commodore kí wọ́n fún ọ ní òmíràn. Ọdún 1994 ni wọ́n ti kógbá sílé.

Èkejì, yan 115200 baud, ìyẹn bit 115,200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí láptọ́ọ̀pù rẹ lè ṣe é. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àwọn ni kò rí íntánẹ́ẹ̀tì lò. Má bìkítà pé C64 kò ní síìpù kankan tó ń bá a gba bit wọlé. 6510, ọpọlọ rẹ̀ gan-an, ló ń kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìṣísẹ̀ bíi 985,000 ló sì lè gbé ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní 1200 baud, ó ní ìṣísẹ̀ bíi 820 fún bit kan. Ní 115200, ó ku 8. Bẹ́ẹ̀, àṣẹ kan ṣoṣo lè jẹ ìṣísẹ̀ 2 sí 7. Kó tó gbójú sókè, bit ti kọjá lọ bí ọkọ̀ Ago-Ìwòyè tí kò dúró ní Oru.

Ẹ̀kẹta, bí ọ̀rọ̀ bá ń wọlé lọ́wọ́, ní kó tún máa gbé fáìlì láti inú dísíìkì. Ọpọlọ kan náà ni yóò ṣe méjèèjì. Ìwọ náà kúkú ń fi fóònù wakọ̀.

Ẹ̀kẹrin, bí ìwé ìtọ́nisọ́nà bá to iye baud títí dé 19200, gbà á gbọ́. Má ka àlàyé tó sọ pé ohun tó ju 2400 lọ kò tíì ṣiṣẹ́.

Bí ìwà òmùgọ̀ bá sú ọ, fi baud sí 1200 ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bit 10 ni lẹ́tà kan, nítorí náà lẹ́tà 120 ni yóò máa wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú ìwòran C64 gba lẹ́tà 1,000. Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú àáyá 9 lọ kó tó kún, ìwọ yóò sì lè kà á.