Gééjì Ìjàpá

Ìjàpá, ọkọ̀ Volkswagen àtijọ́ nì, kò mọ omi rédíétọ̀. Atẹ́gùn ló ń tù ú lára. Lítà 2.5 péré ni ọ́ìlì tó ń gbà, ìyẹn ló fi jẹ́ pé mi ò tíì ní fọ ẹnu láàárọ̀ tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀. (Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì wà. Aládùúgbò mi ṣí iwájú lọ́jọ́ kan, ó figbe ta pé olè ti gbé e lọ.)

Mà á fa gééjì yọ, mà á fi àkísà nù ún, mà á tì í bọ̀ ọ́, mà á tún fà á yọ. Láàárín ilà méjèèjì tó wà lára gééjì ni kí ọ́ìlì wà. Lọ́jọ́ kan, ó lọ sílẹ̀. Mo da odidi lítà kan kún un. Àṣé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni mo gbé ọkọ̀ sí, gééjì ń tàn mí ni! Èéfín gba àdúgbò.

Mẹkáníìkì wo gééjì, ó wò mí: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé àkàrà lẹ fẹ́ dín ni?”

Ìyàwó mi ò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. “Bàbá Bọ́lá, ẹ̀jẹ̀ ríru tiyín ńkọ́, ìgbà wo lẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn?”