Arúgbó Tó Ń Retí Ìyá Rẹ̀

Bọ́mọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bágbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Iwájú lọmọdé ń wò, torí ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ yóò ti yọ wá gbé e. Àgbà kò ní agbéni. Ohun tó gbé e ṣubú ló ń wá. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ ìjọba bá forí ṣánpọ́n lónìí, aláṣẹ tí ewú ti gba orí rẹ̀ á ní, "Ẹ jẹ́ ká máa wo iwájú," á sì rò pé ọ̀rọ̀ àgbà lòun sọ.

Ẹ wo bàálù ìjọba Nàìjíríà. Nigeria Airways bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1958, ó sì kógbá wọlé ní 2003. Ìgbìmọ̀ kan wádìí bí wọ́n ṣe ná owó rẹ̀. Ta ló ka àbọ̀ ìwádìí náà? Ní oṣù Keje 2018, ìjọba lọ ṣí aṣọ lójú orúkọ tuntun, Nigeria Air, ní Farnborough nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí oṣù Kẹsàn-án tó parí, wọ́n ti dá a dúró. Nígbà tó di ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún 2023, tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ìjọba náà lọ, bàálù kan balẹ̀ sí Àbújá. Ti Ethiopian Airlines ni. Ọ̀dà ara rẹ̀ nìkan ni tiwa. Ìyá tí à ń retí ti dé, ó sì tètè padà sílé rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ inú iṣẹ́ bàálù yìí kan náà la ti mọ bí wọ́n ṣe ń wo ẹ̀yìn. Bàálù Bellview já ní Lísà, ìpínlẹ̀ Ògùn, ní oṣù Kẹwàá 2005, ènìyàn 117 kú. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, bàálù Sosoliso já ní Port Harcourt. Ọ̀dà kò lè bo ìyẹn. Wọ́n wo ẹ̀yìn: òfin bàálù ti 2006 fún àwọn tó ń ṣọ́ bàálù lágbára láti dá dúró fúnra wọn, nígbà tó sì di 2010, Amẹ́ríkà fi wá sí ìsọ̀rí kìn-ín-ní (Category 1) lórí ààbò òfurufú. Bàálù Dana ṣì já l'Ékòó ní 2012, torí ẹ̀yìn kì í ṣe ohun tí a ń wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹlòmíì á ní, bí olóṣèlú bá jẹ́wọ́ àṣìṣe, àwọn alátakò á fi jẹ ẹ̀bà. Òótọ́ ni. Ohun tó fà á gan-an nìyẹn tí òfin àgbáyé fi ní ìwádìí ìjàǹbá bàálù kì í ṣe láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, kí ẹnu àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn lè là. Bí olè bá wà níbẹ̀, ó ní kóòtù tirẹ̀. Àpótí tó ń gba ohùn sílẹ̀ wà nínú bàálù ńlá. Ṣùgbọ́n ohun tí mínísítà tó ń lọ ń fi sílẹ̀ fún èyí tó ń bọ̀ ni ìwé tó kún fún àṣeyọrí.