Ìjàpá Wọ Táì, Ó Dé Ṣómólú

Ẹ̀gbọ́n wa òǹkọ̀wé, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Wọ́n ní ẹ ti pa ìwé àròsọ ńlá tẹ́ ẹ ń kọ tì, ẹ ní ìwé àwòrán ọmọdé lẹ fẹ́ máa kọ báyìí, ẹ ó sì máa fowó ara yín tẹ̀ ẹ́, torí pé kékeré ni. Kékeré kẹ̀! Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó yẹn náà, adìyẹ ò jẹ́ gbé e mì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yìn yín ná, ẹ láyà. Ẹni tí ọmọ aládùúgbò ń rí tó ń bú sẹ́kún, òun ló jókòó tó ń kọ̀tàn fáwọn ọmọ ọdún mẹ́ta. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ nìkan, ọ̀rọ̀ bí igba. Mo kà á, mo fi omi tutù sin ọ̀nà ọ̀fun, mo tún ń kà á lọ. Ìjàpá ò tíì jáde nílé, ẹ ṣì ń ṣàlàyé bí oòrùn ṣe ń yọ àti bí ìkùukùu ṣe funfun tó. Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti ya oòrùn síbẹ̀! Ọmọ náà ń wò ó.

Nígbà tí Dr. Seuss kọ Green Eggs and Ham, tó jáde lọ́dún 1960, oríṣi ọ̀rọ̀ 50 péré ló lò, torí pé Bennett Cerf tó ń bá a tẹ̀wé bá a ta tẹ́tẹ́ pé kò lè ṣe é. Ẹ̀yin ti ná àádọ́ta tiyín tán lójú ewé ìdúpẹ́. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ pásítọ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ alága káńsù tí kò mọ̀ yín rí. Kí ìtàn tó ní ìparí, ẹ ti wá nọ́ńbà ISBN lọ sí National Library.

Ẹ wá ní olóòtú kankan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ yín, pé ìmísí ni. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Eric Carle náà ní ìmísí. Ekòló tó ń jẹ ìwé ló kọ́kọ́ kọ̀tàn lé lórí, àfi ìgbà tí olóòtú rẹ̀, Ann Beneduce, sọ pé ekòló kọ́ ló yẹ ẹ́, kòkòrò tó máa di labalábá ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí The Very Hungry Caterpillar lọ́dún 1969. Ká ní ẹ̀yin ni, ẹ ò bá ti sọ fún obìnrin náà pé ọ̀tá ìlọsíwájú ni.

Iṣẹ́ dé ọwọ́ ayàwòrán, ẹ ní àwòrán lásán ni, ẹ sì fẹ́ gbà á lọ́jọ́ Jímọ̀. Nígbà tó dárúkọ owó, ẹ dìde, ẹ tún jókòó. Ẹ ní ẹ ó kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn ìwé, gbogbo ayé á mọ̀ ọ́n. Kò sí ìyá ọlọ́jà tó ń gba “gbogbo ayé á mọ̀ ẹ́” fún kóńgò gààrí, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ ọlọ́mọ ya Ìjàpá kan tó gbọ́n lójú, tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ ó ti mọ̀ pé ó ti jí nǹkan pa mọ́. Ẹ ní kó fi táì sí i lọ́rùn, káwọn ọmọ lè mọ̀ pé ẹ̀kọ́ dára. Ó fi sí i. Ẹ ní kó fi ìgò ojú kún un. Ìjàpá di máníjà báǹkì. Ṣẹ́ẹ̀tì pupa ló wọ̀ lójú ewé kẹrin, ó di búlúù lójú ewé kẹwàá. Ayàwòrán bẹ̀ yín pé kóun tún un ṣe, ẹ ní ọmọdé ò ní mọ̀. Ọmọdé! Àwọn tó ń ka ẹran inú ìkòkò kí dádì tó dé láti ibi iṣẹ́!

Ó di Ṣómólú, ojú ewé 37 lẹ gbé dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé. Ọkùnrin náà kò bá yín jà. Ó mú bébà fífẹ̀ kan, ó ká a lẹ́ẹ̀kan, ó ká a lẹ́ẹ̀kejì, ó ká a lẹ́ẹ̀kẹta, ó ṣí i níwájú yín: ojú ewé 16. Méjì irú ẹ̀ ni 32, iye tí ọ̀pọ̀ ìwé àwòrán ń jẹ́ nìyẹn. Ó ní kẹ́ ẹ gé márùn-ún kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kẹ́ ẹ wá mẹ́ta kún un kó di 40. Ẹni tó lọ́gbọ́n á gé e. Ẹ̀yin fi fọ́tò yín mẹ́ta kún un: ọ̀kan pẹ̀lú agbádá, ọ̀kan pẹ̀lú kóòtù, ọ̀kan tẹ́ ẹ fọwọ́ lẹ́rán.

Bá a bá sì sọ̀rọ̀, ẹ ó ní, “Ṣebí Beatrix Potter náà fowó ara ẹ̀ tẹ ìwé ìtàn ehoro rẹ̀.” Bẹ́ẹ̀ ni o. Àwọn ilé ìtẹ̀wé kọ̀ ọ́, ló bá tẹ ẹ̀dà 250 fúnra rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1901. Ibẹ̀ nìkan lẹ há sórí. Lẹ́tà ni ìtàn ehoro yẹn tẹ́lẹ̀ o. Ó kọ ọ́ sí ọmọ ọdún márùn-ún kan tó ń ṣàìsàn lọ́dún 1893, ó ya àwòrán sí i, ọmọ náà sì tọ́jú lẹ́tà yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí tí obìnrin náà fi padà wá yá a láti dà á kọ. Ta ló tọ́jú tiyín? Nígbà tí ilé ìtẹ̀wé Frederick Warne sì wá ní àwọn máa gbà á tó bá fi àwọ̀ kún àwòrán, kò sọ pé wọ́n ń ṣèlara òun. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì. Oṣù Kẹwàá 1902, ìwé jáde.

Ìkójáde tiyín náà la lọ lọ́jọ́ Sátidé. Aṣọ ẹbí wà, puff-puff wà, alága yí ìwé sódì mú, ó ní ìwé náà kún fún ọgbọ́n, ó fowó ńlá ra mẹ́wàá. Nínú gbọ̀ngàn tó kún fọ́fọ́ nítorí ìwé ọmọdé, ọmọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ọmọ obìnrin tó ń gbé oúnjẹ. Ó jókòó sábẹ́ tábìlì, ó ṣí ìwé, ó ṣí i padà, ó wá figbe bọnu pé, “Mọ́mì, ta ló bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì pupa lọ́rùn Ìjàpá?”

Ẹ ní kí wọ́n gbé ọmọ náà síta, pé ó ń da ètò rú.